Àmì Tí Ọlọ́dà Kùn Sára Àpáta

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìbínú ṣe ń jí láàárọ̀, kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́dà ní aago mẹ́fà àbọ̀. Ọkùnrin náà kò tíì bọ́jú tán tí yóò ti máa bínú. Á bínú sí kẹ́ẹ̀gì omi tí wọn ò dé, á bínú sí bàtà rẹ̀ ọ̀tún tó ti lanu, á bínú sí aládùúgbò tó ń kí i pé ẹ kú àárọ̀ nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ni inú wọn ń dùn lọ́dún, ọjọ́ náà sì ti kọjá." Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín, Ọlọ́dà á sì tún fi ìyẹn bínú.

Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ti pa òwe kan ṣoṣo náà fún un: ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Èsì rẹ̀ kò yí padà rí. Á ní, "Ẹ bá mi kí baba náà tẹ́ ẹ bá rí i."

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń tọ́jú ọ̀nà àpáta tó gun òkè ẹ̀yìn ìlú, ọ̀nà kúkúrú tí àwọn èèyàn ń gbà lọ sí pèpéle onírin tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń wo odò, afárá, àti gbogbo òrùlé ìlú bó ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le á débẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n òkúta ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òkúta ńlá ńlá tó gorí ara wọn, tí ipa ẹsẹ̀ kì í hàn lórí wọn. Ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bá wà lèèyàn ti lè tọpa ẹni tó ti kọjá. Àpáta kì í rántí ẹnikẹ́ni. Àmì funfun tí Ọlọ́dà ń kùn sára òkúta nìkan ló ń sọ ibi tí àlejò yóò gbà. Bí àmì bá parẹ́, ọ̀nà parẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ní ètò. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, á ṣí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn géètì, á gbé agolo ọ̀dà kan, á fi igi rò ó títí yóò fi dọ́gba, á fi okùn so ó mọ́ ìbàdí. Á mú búrọ́ṣì onírin tó fi ń ha èéhù kúrò lára òkúta, á mú búrọ́ṣì onírun tó fi ń kùn, ó di òkè. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti yà, á dúró bí àlejò tí kò débẹ̀ rí, á gbójú sókè, á bi ara rẹ̀ pé, "Níbo ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé?" Ibẹ̀ gan-an ni yóò kùn, àmì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, níwájú òkúta, kó dojú kọ ẹni tó ń gòkè bọ̀. Tó bá fi máa dé pèpéle, ọ̀dà ti tán nínú agolo. Á jókòó, á jẹ ohun tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un, á nu búrọ́ṣì, á wá sọ̀kalẹ̀ wéré wéré bí ẹni tí wọ́n ń lé, agolo òfìfo á máa ró gbangan gbangan ní ìbàdí rẹ̀. Kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì. Ó máa ń fi yangàn pé bí wọ́n bá di òun lójú, ẹsẹ̀ òun á gbé òun délé.

Kó tó gba iṣẹ́ yìí, ilé ló ń kùn lọ́dà. Ọ̀gá mẹ́rin ló bá ṣiṣẹ́, ó sì bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jà. Ẹni ìkẹyìn ní kó bu omi la ọ̀dà kó lè tó ògiri méjì. Ọlọ́dà da àdàlù náà sórí bàtà ọ̀gá, ó sì gba ilé lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́ pé àwọn tó ń bójú tó òkè ń wá ẹni tó mọ ọ̀dà lò. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ lọ síbẹ̀. Òkúta kì í dáni lóhùn." Ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún méjìlélógún, kò tíì bá òkúta kankan jà.

Àwọn àlejò ló ń bá jà. Àwọn kan á wọ sílípáàsì wá gun àpáta. Àwọn kan á kó ọtí wá, wọn ò ní kó ìgò lọ. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ti fi ìṣó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sórí àmì tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ọlọ́dà lé e dé ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí inú rẹ̀ kò lè gbà rárá ni àwọn tó ń ṣìnà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀. Wọ́n á gòkè láyọ̀, wọ́n á ya fọ́tò tán, wọ́n á wá já sínú igbó ẹ̀gún lápá odò, ara wọn á bó, wọ́n á máa sunkún. "Ọ̀nà kan náà tẹ́ ẹ gbà gòkè!" ni Ọlọ́dà máa ń pariwo lé wọn lórí. "Ṣé ọ̀nà máa ń ṣí kúrò lẹ́yìn èèyàn ni?" Ta ló máa fèsì fún bàbá tí ọ̀dà kún irùngbọ̀n rẹ̀, tó sì ń fapá jánú?

Láàárín oṣù mẹ́ta tí ìtàn yìí dá lé, ẹni mẹ́ta ló ṣìnà, ibì kan náà sì ni: níbi àpáta olórí méjì, tó wà ní ìdajì ọ̀nà. Bí èèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀, apá òsì rẹ̀ ni ọ̀nà gbà. Apá ọ̀tún fẹ̀, ó sì tẹ́jú, ó dà bí ọ̀nà ju ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ tí òkúta fi gé, tí kòtò wà nísàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, igi ńlá kan dí apá ọ̀tún yẹn. Ìjì ló wó igi náà, Ọlọ́dà sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ sì dùn sí bí ibẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀. Kò ro nǹkan míì sí i.

Ẹnì kejì tó ṣìnà jẹ́ tíṣà, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé tó wà nítòsí ibùdókọ̀. Ó yà sọ́tùn-ún, ó já sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ọlọ́dà ló gbọ́ igbe rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ó fi igi méjì di ẹsẹ̀ náà, òun àti àwọn ọkùnrin méjì sì gbé e dé géètì. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ilẹ̀, kò sọ pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Èébú ló ń bù ú. "Àmì funfun gbàgàdà! Ọmọ ọdún márùn-ún á rí i! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Ọmọbìnrin náà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní, "Bàbá, mi ò rí àmì kankan."

"O ò rí i torí pé o ò wò ó! Ojú ẹ fọ́! Kí wọ́n má gba irú ẹ láyè lórí òkè mọ́!"

Àwọn tó dúró ní géètì gbọ́. Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì, tó máa ń jókòó sídìí fèrèsé, gbọ́, ó sì gbé ojú kúrò. Wọ́n gbé tíṣà náà sínú mọ́tò ilé ìwòsàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹnì kẹta ṣìnà, ọ̀gá tó ń bójú tó òkè ránṣẹ́ pe Ọlọ́dà. Yàrá kan tí wọ́n pín sí méjì ni ọ́fíìsì wọn: níwájú, fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn, tábìlì ọ̀gá, fáànù tó ń mi orí láìmú atẹ́gùn wá, àti àwòrán òkè tí wọ́n yà sára ògiri. Bàtà ọ̀gá máa ń dán yinrin. Ọdún mẹ́fà tó ti débẹ̀, bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ ló gun òkè mọ. Ó ní èémí òun kò gbé e.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ sọ ọ́."

Ọ̀gá mú lẹ́tà kan. "Ẹni mẹ́ta ti ṣìnà, ọ̀kan ti kán lẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó wà lókè wa ní ká ti ọ̀nà àpáta pa níparí oṣù. Wọ́n máa la títì gba ẹ̀yìn òkè, mọ́tò á máa gbé àwọn èèyàn dé pèpéle. Ẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ àti búrọ́ṣì wá. Wọ́n ní àwọn àmì yín ò dáa."

Ó yẹ kí ẹ rí ojú Ọlọ́dà. Ara rẹ̀ gbóná dé etí. Òkè tó ti fọwọ́ ha òkúta rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé kí mọ́tò máa gbé ọ̀lẹ débẹ̀! Àti pé ta ló ń sọ pé àmì kò dáa? Ọkùnrin tí kò rí àmì kejì rí láyé rẹ̀!

"Àwọn àmì mi ò dáa?" Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìyàwó mi ò gun òkè yìí rí. Kò mọ̀wé, orúnkún ń dùn ún. Lọ́la, ní aago mẹ́ta, á dá lọ, á dá bọ̀, àmì mi nìkan lá máa tẹ̀ lé. Bó bá ṣìnà, èmi fúnra mi ni màá kó kọ́kọ́rọ́ àti búrọ́ṣì sórí tábìlì yìí, ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́."

"Tí kò bá ṣìnà ńkọ́?"

"Ẹ máa fa lẹ́tà yẹn ya lójú mi. Ẹ máa sọ fún wọn lókè pé afọ́jú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun gbà, kí Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọlọ́dà ti sọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń yan lọ sílé bí ẹni tó ti jàre.

Yàrá iwájú ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ àwọn oníbàárà kọ́ sára ìṣó lápá kan, ègé aṣọ sì kún ilẹ̀. Ó ń yí inú ẹ̀wù kan síta kó lè wo ojú rírán nígbà tí ọkọ rẹ̀ ro ẹjọ́ tán. Ó gbé ẹ̀wù náà sílẹ̀.

"Ẹ bi mí?"

"Kí ni màá bi yín sí? Ohun kékeré ni. Ẹ kàn máa—"

"Bàbá wọn, mo ní, ṣé ẹ bi mí? Ewúrẹ́ ni mí tẹ́ ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́? Ẹ mọ̀ pé orúnkún mi ò dáa, ẹ tún fi ṣe àfikún ọ̀rọ̀ yín kó lè dùn létí ọ̀gá!" Ó fa òwú kan já. "Mi ò lọ."

Ọlọ́dà kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ó lọ dúró sẹ́yìn ilé, ó ń bá kẹ́ẹ̀gì omi jà. Nígbà tó wọlé padà, ìyàwó rẹ̀ ti ń tẹ ẹ̀rọ, kò sì gbójú sókè.

"Màá lọ. Kì í ṣe torí yín o. Bí wọ́n bá gba òkè lọ́wọ́ yín, inú yàrá yìí lẹ ó ti máa bínú láti àárọ̀ dalẹ́, orí mi ni màá sì fi rù ú. Ó sàn kí n gun àpáta."

Ní ọjọ́ kejì, aago mẹ́ta lù, obìnrin náà wé ìborí pupa, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó mú ike omi kan. Ṣọ́ọ̀kì tí àwọn aránṣọ fi ń sàmì sí aṣọ wà nínú àpò rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Kò kí ọkọ rẹ̀. Ó kí Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì, ó kí ọ̀gá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, ó ń fi ọwọ́ ti orúnkún.

Láti géètì, èèyàn lè máa rí ẹni tó ń gun òkè, á yọ, á tún wọ inú òkúta. Ìborí pupa yọ níbi àmì kẹrin. Ó yọ níbi àpáta olórí méjì. Kò dúró, kò yà, àmì ń fà á bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ń fa òwú. Ọlọ́dà ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú ọ́fíìsì, ó ń dá sọ̀rọ̀: "Ẹ wò ó! Ẹ wo obìnrin tí kò mọ̀wé!" Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ìborí pupa fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí pèpéle. Ó ti débẹ̀. Ọlọ́dà yíjú sí ọ̀gá.

"Ẹ múra láti ya lẹ́tà."

"Kò tíì sọ̀kalẹ̀," ni ọ̀gá wí.

"Ọ̀nà kan náà ni!"

Ìborí pupa kúrò lórí pèpéle. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò rí i. Ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó di ọgbọ̀n, Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì ti jáde láti ìdí fèrèsé rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọlọ́dà kọ́kọ́ bínú sí ìyàwó rẹ̀: ó ń sinmi, ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ torí ọ̀rọ̀ àná. Lẹ́yìn náà ló rántí kòtò. Ó fa agolo ọ̀dà kan tó kù sí ìdajì àti búrọ́ṣì méjèèjì, ó so wọ́n mọ́ ìbàdí, torí pé kò gòkè láìsí wọn rí, ó sì sáré mọ́ òkè.

Ó ń sáré, ó ń pariwo, "Ìyá wọn! Ìyá wọn o!" Òkúta ń dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Ní àpáta olórí méjì, ohùn kan dáhùn lápá ọ̀tún tó já sí kòtò.

"Mo wà níbí."

Ó jókòó sórí òkúta, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré sí ibi tí ilẹ̀ ti gé. Ó ti tú ìborí rẹ̀, ó fi di àtẹ́lẹwọ́ tó bó. Eruku kún orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Lórí òkúta níwájú rẹ̀, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ kan, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá.

Bí Ọlọ́dà ṣe rí i pé ó wà láàyè, gbogbo ìbẹ̀rù tó gbé gòkè di ìbínú lẹ́ẹ̀kan náà. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Ìfẹ́ rẹ̀ pàápàá, ariwo ló fi ń sọ ọ́. "Kí lẹ wá dé ìhín? Kí ló yà yín sọ́tùn-ún? Àmì wà níbẹ̀ gbàgàdà! Ṣé ojú yín fọ́ ni?"

Obìnrin náà dìde. Láti ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ rí.

"Ìwọ. Wá síbí."

Ọlọ́dà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Mo ní wá síbí. Dúró síbi tí mo gbà bọ̀. Kọjú sí ìsàlẹ̀. Ó dáa. Fi àmì hàn mí."

Ọlọ́dà na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró nínú afẹ́fẹ́. Òkúta ló wà níwájú rẹ̀, aláwọ̀ eérú, gbígbẹ, láìsí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ ìgbésẹ̀ márùn-ún gba apá òsì, ó yíjú padà: àmì funfun rèé, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó lójú. Ó tún gòkè, ó kọjú sí ìsàlẹ̀: kò sí. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Nígbà kẹta, ó gbé ọwọ́ lé orí òkúta náà bí ẹni pé àmì á yọ jáde síbi tó fọwọ́ kàn.

"Ọdún méjìlélógún," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò pariwo. "Bí mo bá rán aṣọ, mo máa ń yí inú rẹ̀ síta kí n tó gbé e fún ẹni tó ni ín. O ò yíjú padà wo iṣẹ́ rẹ rí? Lẹ́ẹ̀kan?"

"Mo máa ń sáré ni... ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà."

"Ẹsẹ̀ ta ni? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ni tíṣà yẹn gbé wá?" Ó gbá a láyà pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ìborí dì. "Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún ọ! Wọ́n já sí ẹ̀gún, wọ́n kán lẹ́sẹ̀, wọ́n ń sọ fún ọ pé àwọn ò rí àmì, ìwọ ń pè wọ́n ní afọ́jú. Bí mo bá tún rìn síwájú díẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ta lo máa bú?"

Inú ń bí Ọlọ́dà. Inú ń bí i bí kò ṣe bí i rí, àmọ́ kò rí ẹni tó máa da ìbínú náà lé lórí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òkúta ni gbogbo wọn. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dún gan-an.

"Dìde," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọ̀dà wà nínú agolo yẹn àbí kò sí?"

"Ó wà."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Obìnrin náà ń lọ níwájú, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀nà, torí pé kò mọ̀nà lóòótọ́. Níbi tó bá ti dúró tí kò mọ ibi tó kàn, á wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀. Ọlọ́dà á kùn ún. Kò jiyàn lẹ́ẹ̀kan. Ibi mọ́kàndínlógún ni obìnrin náà ti dúró. Mọ́kàndínlógún! Bí Ọlọ́dà ṣe ń kùn wọ́n ni ó ń bú ara rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n, èébú tó ti bu àwọn àlejò láti ọdún wọ̀nyí, ó wá ń jẹ ẹ́ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n dé géètì. Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì sáré pàdé wọn, ó rí orúnkún tó di eruku, ó sì jẹ́ ẹni tó lójú àánú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà! Mo ti sọ fún ọ̀gá pé orúnkún yín ló ń dà yín láàmú, pé ẹ kàn jókòó sinmi ni. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ilẹ̀kùn àsálà rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ́fíìsì, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti géètì, kò sí ẹni tó lè rí apá ọ̀tún àpáta olórí méjì. Ìyàwó Ọlọ́dà yí orí padà. Ó wo ọkọ rẹ̀.

Ọlọ́dà wo bàtà ọ̀gá tó ń dán. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọkùnrin yìí jàre láìmọ ìdí tó fi jàre. Kò gun òkè kọjá bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ rí, kò mọ nǹkan kan, ó sì jàre! Ó tú agolo kúrò ní ìbàdí. Ó wọlé, ó gbé e sórí tábìlì, ó kó búrọ́ṣì méjèèjì lé e, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

"Ó ṣìnà," ni ó wí. "Kì í ṣe orúnkún. Àmì ò sí fún ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀. Mi ò kùn ún rí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún láti àpáta olórí méjì dé ìsàlẹ̀ ni, ó ku apá òkè ọ̀nà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wà lókè yín, bóyá wọ́n á gbọ́, bóyá wọn ò ní gbọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gun ún wò lọ́jọ́ kan. Ojú tì mí pé ẹ̀yin lẹ lé mi." Ọ̀gá kò ya lẹ́tà náà. Ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, ìyàwó rẹ̀ sọ gbólóhùn kan péré. "Ó ku tíṣà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlọ́dà bọ́jú láìbá kẹ́ẹ̀gì jà, àwọn aládùúgbò sì rò pé ara rẹ̀ ò yá. Ó béèrè ọ̀nà ní ilé ìwé, wọ́n júwe ilé alájà kan tó ní àtẹ̀gùn ní ìta. Ó gun àtẹ̀gùn náà, ó kanlẹ̀kùn. Tíṣà náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá, ẹsẹ̀ tí wọ́n dì ní funfun ń rọ̀. Bó ṣe rí i, ojú rẹ̀ yí padà.

Ọlọ́dà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wá ń wá ọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà. "Ọmọ mi, ojú rẹ ò fọ́. Àmì ò sí níbẹ̀. Èmi ni mi ò kùn ún. Àná ni mo tó mọ̀. Mo wá tọrọ àforíjì."

Ó retí kó sọ pé kò sí wàhálà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ fún àgbàlagbà tó ṣí fìlà nìyẹn. Tíṣà náà kò sọ ọ́. Ìbínú ló wà lójú rẹ̀, ìbínú gidi tó ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì. Ọlọ́dà mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀.

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn," ni ọmọbìnrin náà wí. "Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán. Ẹ pariwo mọ́ mi títí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìyá mi bi mí ní ilé ìwòsàn pé ṣé mo wo ọ̀nà dáadáa, mo ní rárá. Mo ní mi ò wò ó. Wọ́n bi mí níbi iṣẹ́, mo ní ẹ̀bi mi ni. Oṣù méjì gbáko, bàbá. Mo gbà yín gbọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ọlọ́dà bẹ̀rẹ̀ sí sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé.